Ìyá Mi, Ìjọba Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ jowú, kí n tó wá jowú aṣọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí obìnrin tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún máa jowú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, n kò sì ní fi bò.

Àbúrò mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Àwa obìnrin méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni àgbà, èmi ni mo dúró sí Kábà, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba. Òun ló lọ sí yunifásítì, ó gba ibẹ̀ kọjá lọ sókè òkun, ó sì padà wá di olùkọ́ àgbà ní yunifásítì kan l'Ábújá. Ọdún Kérésì ló máa ń wálé, àti ọdún Àjíǹde bí ààyè bá gbà á. Tó bá ti dé, ilé a kún. Àwọn ará àdúgbò tí kì í yà kí mi láti oṣù kìíní títí dé oṣù kọkànlá a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkíni ilẹ̀ wa: "Okun o! Okun o! A gbọ́ pé ọmọ ti dé." Ọmọ ti dé! Èmi tí mo wà nílé ńkọ́, ṣé àga ni mí ni?

Kérésì tó kọjá, ọyẹ́ mú gan-an, ètè gbogbo wa ti là. A jẹ iyán tán lọ́sàn-án, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá wa pẹ̀lú àwọn àlejò. Àlájì tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà wà níbẹ̀, òun ló bi àbúrò mi pé kí ni iṣẹ́ tó ń ṣe ní yunifásítì gan-an. Àbúrò mi ní ohun tí òun ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́dún yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní Kirẹmulinọ́lọ́jì. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àga rẹ̀ súnwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀.

Ó ní ní ìlú Mọsíkò, lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, ọgbà ńlá olódi kan wà tí wọ́n ń pè ní Kírẹ́múlìn, inú rẹ̀ ni àwọn olórí ìjọba wọn ń jókòó sí. Láyé ìjọba Kọ́múníìsì, ọ̀rọ̀ kì í jáde nínú ọgbà yẹn. Wọn kì í sọ ẹni tó ń ṣàìsàn, wọn kì í sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ nípò. Ohun tí ìjọba bá fẹ́ nìkan ni ìwé ìròyìn ń kọ. Àwọn tó wà níta wá sọ àmì kéékèèké di ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ya fọ́tò àwọn olórí lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọn a mú un, wọn a wò ó fínnífínní. Ta ló dúró ti olórí? Ta ni wọ́n ti sí ìkangun? Ẹni tó dúró níbẹ̀ lésìí, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Orúkọ ta ni wọ́n kọ ṣáájú? Bí rédíò bá sì ṣàdédé pa ètò rẹ̀ tì tó ń kọ orin arò, wọ́n ti mọ̀ pé èèyàn ńlá kan ti kú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí èèyàn máa fi ohun tó hàn lóde wádìí ohun tí ìjọba tó fẹ́ràn àṣírí ń ṣe nínú ilé. Lóde òní, ó ní wọ́n ti ń lò ó fún ìjọba yòówù tó bá tilẹ̀kùn mọ́rí, àní fún ilé iṣẹ́ pàápàá.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Àlájì wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Bàbá!" Àbúrò mi na ọwọ́ sí ìyá wa. "Nínú ilé yìí ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ìyé wa yìí ni Kírẹ́múlìn tèmi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín! Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Kí lo pè mí?" Àbúrò mi tún un sọ. Ìyá mi gbìyànjú láti pè é, ó gbé e ṣánlẹ̀ láàrin ọ̀nà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín mìíràn.

Mo dìde, mo ń kó abọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí ìyá mi, èmi ni mo ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, èmi ni mo ń kán oògùn sí i lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, n kò sì rántí ọjọ́ tí mo pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní àwòfín ní í mú ọ̀rẹ́ bàjẹ́, fírífírí lojú ń rí ọ̀rẹ́ ẹni. Àbúrò mi ni fírífírí. Èmi ni àwòfín.

Ohun tó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé iṣẹ́ mi ló gbà. Ta ló ń ka ojú ìyá wa láti kékeré? Bí ìyá mi bá ti oko dé tí gèlè rẹ̀ wá sílẹ̀ bo iwájú orí, èmi ni mo máa ń fa àbúrò mi létí pé kó má bèèrè nǹkan kan lónìí. Bí ìyá mi bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, tó ń kun orin àwọn òkú tí a máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ti sùn ládùúgbò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bàbá wa kú ní ilé ìwòsàn ní Lọ́kọ́ja. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. Ìyá mi dé, ó kí wa, ó gbálẹ̀, ó se oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó mú fìlà bàbá wa tó wà lórí ìṣó lára ògiri, ó ká a sí méjì, ó sì gbé e sórí àpótí. Mo wo fìlà yẹn, mo mú àbúrò mi lọ sẹ́yìnkùlé, mo ní, "Bàbá ti kú." Kò gbà mí gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ẹbí tó wọlé pẹ̀lú ẹkún. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, nínú àwa méjèèjì, ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n?

Síbẹ̀ òun ló ní orúkọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní oṣù kìíní, mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn gàdàgbà sójú pátákó, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún. Ọmọbìnrin kan bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo ní, "Nínú ìwé." Ẹ rí i, irọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mí lọ́rùn.

Ẹ̀yìn èyí ni ti aṣọ. Ọmọ Ògìdì ni ìyá mi, ọmọ ibi tí àwọn obìnrin ti ń hunṣọ. Kíjìpá ló ń hun, lórí òfì obìnrin, èyí tó dúró gbọọrọ ti ara ògiri, tí ahunṣọ jókòó sórí àpótí kékeré níwájú rẹ̀. Àbala mẹ́ta ni yóò hun lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó rán wọn pọ̀ di ìró kan. Tí ó bá fi apasà, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú wọlé, gbá a, gbogbo agbo ilé la ti ń gbọ́ ọ. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì kọ́ ọ ní òfin kan mọ́ ọn: aṣọ tí kì í ṣe ti títà, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè olówó rẹ̀, ahunṣọ kì í sì í sọ ọ́, títí wọn yóò fi gé e kúrò lórí òfì. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n rán an tán, ahunṣọ a gbé e lé ẹni tó ni ín léjìká, a sì pe orúkọ rẹ̀. Nínú ilé wa, a kò rú òfin yìí rí.

Ọjọ́ kejì Kérésì yẹn, ìyá mi ní ojú òun ti ń lọ. Ó ní òun yóò hun aṣọ kan sí i, kò sì ní sí òmíràn mọ́. Gbogbo èèyàn ló sì mọ ohun tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni màá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí a ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti ń bi mí pé àwọ̀ wo ni Màmá ń hun. N kò ra aṣọ kankan. Mo ti rí ara mi nínú kíjìpá ìyá mi, tí mo ń jó lọ síwájú pẹpẹ, tí gbogbo Kábà sì rí i pé ọmọ tó dúró nílé ní ìyá tirẹ̀ náà.

Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì.

Àmì kìíní: mo gbọ́ tí ìyá mi ń bi àbúrò mi lọ́rọ̀ àwọ̀ nínú yàrá. Àbúrò mi ní, "Aró ni, Ìyé. Aró ló dára jù." Láti kékeré ni àbúrò mi ti fẹ́ràn aró. Àmì kejì: àárọ̀ ọjọ́ tó ń padà s'Ábújá, ìyá mi, ẹni tí kì í dì mọ́ èèyàn, sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ dì mọ́ ọn. Mo wà nídìí ọkọ̀, mo ń ti ẹrù rẹ̀ wọlé. Mo rí ọwọ́ ìyá mi. Ó na ìka láti abẹ́ apá àbúrò mi, ó gbé e, ó tún nà án, títí ó fi dé orúnkún. Ó ń wọ̀n ọ́n ni! Àbúrò mi dúró gbagidi, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń ṣe ìdúpẹ́, ẹnikẹ́ni kò wọ̀n mí. Àmì kẹta ló burú jù. Ìgbàkígbà tí mo bá wọ yàrá tí òfì wà, ìyá mi a fa àkísà kan bo ojú rẹ̀. Mo ro ó pé, ta ni èèyàn ń fi nǹkan pamọ́ fún bí kò ṣe ẹni tí kò ní í kàn?

Mo ka àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo sì parí ọ̀rọ̀. Aṣọ ìkẹyìn ti àbúrò mi ni.

Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Òótọ́ ni. Láàrin oṣù kìíní sí oṣù kejì, mo rù. Àbúrò mi a máa pè mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti Ábújá, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Àǹtí mi, kí ni Ìyé sọ lónìí?" Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ròyìn fún un. Ní báyìí, mo kàn ń dá a lóhùn ṣókí, mo ń sọ nínú ara mi pé kí ló tún kù tí o fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi, ìwọ tí wọ́n ń hunṣọ fún.

Èyí tó wá mú mi bínú kọjá ààlà ni pé èmi ni wọ́n ń rán lọ ra òwú. Ojú ìyá mi kò gbé ọjà mọ́, bí mo bá ti ń lọ, ó ní kí n bá òun wo òwú aró bọ̀. Mo rà á fún àbala kìíní. Mo rà á fún àbala kejì. Èmi ni mo ń fi ẹsẹ̀ mi rìn, tí mo ń fi ọwọ́ mi gbé aṣọ tí yóò lọ s'Ábújá.

Nígbà tó rán mi fún ti àbala kẹta, mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta òwú. Òwú aró kún iwájú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo fọwọ́ kàn án. Obìnrin náà ní, "Okun o, Tíṣà, mélòó ni kí n dì?" Mo ní mò ń bọ̀. Mo ra àlùbọ́sà níwájú, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà lọ sílé.

"Kò sí, Ìyé," ni mo wí. "Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ kò tíì dé."

Ìyá mi kọjú sí mi díẹ̀. "Ó dáa," ló sọ.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún rán mi. Mo tún padà dé, mo ní kò tíì sí. "Ó dáa." Lẹ́yìn ìyẹn kò rán mi mọ́.

Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi gbọ́ ìró apasà. Ó yẹ kí n sọ pé ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n irọ́ ni, irọ́ tí mo sì ti pa tó. Inú mi dùn. Mo ń fọ abọ́, mo ń kọrin. Mo ní kí aṣọ náà kú sórí òfì, kí èmi àti àbúrò mi jọ pàdánù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo gbọ́ "pà, pà" láti inú yàrá. Mo sáré wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí ìyá mi kò bo nǹkan kan. Ó ti gbé apasà sílẹ̀, ó gbé aṣọ àtijọ́ kan lé itan, ó ń wá etí òwú inú rẹ̀ pẹ̀lú ìka, ó ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ká a mọ́ igi. Mo wo aṣọ náà, mo dá a mọ̀. Aṣọ ìpọ̀nmọ rẹ̀ ni, kíjìpá aró tó ti ṣá, èyí tó fi pọ̀n mí, tó sì fi pọ̀n àbúrò mi lẹ́yìn mi. Ó ti wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ láti ogójì ọdún ó lé. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èyí ni olórí àkísà ilé wa.

"Ìyé, aṣọ ìpọ̀nmọ wa nìyẹn!"

"Òwú ni mò ń wá," ló wí, kò gbójú sókè.

"Fún ta ni?"

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi. Mo ti rú òfin ilé. Ọwọ́ ìyá mi ṣáà ń tú òwú lọ. Mo jáde, mo jókòó sídìí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, mo sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Kò tó pé ó ń hun aṣọ fún un, ó tún ń tú ẹ̀yìn tí mo kọ́kọ́ sùn sí fún un.

Ọdún Àjíǹde dé. Òórùn kajú ti gba gbogbo ìlú. Àbúrò mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn èèyàn sì tún ti ń wọlé, "Okun o, ọmọ ti dé." Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá mi ní kí àwa méjèèjì wá jókòó sọ́dọ̀ òun. Mo mú àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí n lè tètè jáde bí wọ́n bá gbé aṣọ náà fún olówó rẹ̀. Àbúrò mi jókòó láàrin yàrá.

Ìyá mi gbé aṣọ jáde. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi, ó fọwọ́ kàn án lórí, ó sì kọjá rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó gbé aṣọ náà lé mi léjìká, ó pe orúkọ tó sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ, èyí tí kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Àbúrò mi pàtẹ́wọ́, ó fò dìde. "Láti Kérésì ni mo ti di ẹnu! Àǹtí mi, Ìyé ní bí òun bá fọwọ́ kàn yín lára péré, ẹ ó ti mọ̀, pé kò sí nǹkan tí ojú yín kì í rí. Ó ní ejìká àti gíga wa dọ́gba, kí n jẹ́ kí òun fi mí wọ̀n yín. Ó bi mí àwọ̀ tó yẹ yín, mo ní aró."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí aṣọ náà mú. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: ìyá mi rú òfin, ó sọ fún un. Aṣọ wà léjìká mi o, síbẹ̀ mò ń jowú pé àbúrò mi ni ìyá mi fi inú hàn, pé oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ní àṣírí kan tí èmi kò sí nínú rẹ̀.

Àbúrò mi gba aṣọ náà léjìká mi, ó tú u, ó nà án sára ògiri. Àbala méjì dúdú mìnìjọ̀. Ìkẹta ṣá, ó dà bí ojú ọ̀run nígbà ọyẹ́.

"Ìyé, kí ló dé tí èyí fi yàtọ̀?"

"Wọ́n ní kò sí òwú lọ́jà."

Wọ́n. Kò kọjú sí mi. Ó wá àga rẹ̀, ó jókòó.

Àbúrò mi sún mọ́ àbala náà, ó fà á sí imú. Mo rí i tó dá a mọ̀. "Aṣọ ìpọ̀nmọ wa," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tèmi ni mo ti ń rò pé yóò jẹ́ lọ́jọ́ kan." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò bọ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo rí owú lójú àbúrò mi, èmi sì mọ owú bí ẹni mọ ilé rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ìtìjú ń bò mí, ó sì ń dùn mọ́ mi papọ̀.

Mo fi aṣọ náà dúpẹ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní iṣẹ́ ọnà tuntun ni àbala tó yàtọ̀ yẹn, àwọn kan tilẹ̀ bi mí bóyá Màmá lè hun irú rẹ̀ fún àwọn. Bí a ti ń jẹun lẹ́yìn ìsìn, obìnrin tó ń ta òwú wá kí mi.

"Okun o, Tíṣà. Aṣọ yìí mà dára o. Màmá yín gbìyànjú, pẹ̀lú ojú yẹn. Ó ya mí lẹ́nu lọ́jọ́ tó wá."

"Wá síbo?"

"Sọ́jà! Ọ̀kadà ló gbé e wá. Ó fọwọ́ kan òwú aró mi, ó bi mí pé láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀. Mo ní òwú aró kò tán lọ́wọ́ mi rí láti Kérésì. Mo ní kí n dì í fún un, ó ní rárá. Ó kí mi, ó sì padà lọ."

Mo dá iyán tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú abọ́. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni. Ó ka ọjọ́ ọjà fún mi lórí ìka. Ó bọ́ sáàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án tí apasà fi dákẹ́, tí mo ń fọ abọ́, tí mo ń kọrin.

Ìyá mi ti mọ̀ nìyẹn kó tó tú fọ́nrán òwú kan. Ó fọwọ́ kan òwú tuntun, ó fi í sílẹ̀, ó padà sílé lọ ṣí àpótí. Kí ló dé? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìjọba, ìyá mi ni mo sì fi gbogbo ayé mi kà. Nígbà mìíràn mo rò pé ìyà ló fi jẹ mí, kí irọ́ mi lè wà lára mi níbi tí gbogbo ìjọ yóò ti rí i. Nígbà mìíràn mo rò pé ó rí ọmọ tí owú ń pa, ó sì fún un ní ẹ̀yìn tó kọ́kọ́ sùn sí. N kò mọ̀. Àwọn tó ń wo fọ́tò àwọn ará Mọsíkò pàápàá, mo gbà pé wọn a máa kà á ṣì, pàápàá tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni wọ́n ń wá.

Ojú ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán báyìí. Lọ́sàn-án, mo máa ń ró aṣọ náà lọ jókòó tì í lọ́dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ a wá a. A máa fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí rẹ̀, a dé ojú ìrán, a bọ́ sórí àbala kẹta, a sì dúró. Kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní lejú. A ní, "Ọjà Kábà, ṣé òwú ti dé?"

Mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà ni. Mo máa ń ní òjò fẹ́ rọ̀, tàbí kí n bi í bóyá ó ti lo oògùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún bi mí. Ẹnikẹ́ni kò sí lọ́dẹ̀dẹ̀, àwa méjì ni.

"Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, Ìyé," ni mo wí. "Èmi ni mo ní kò sí. Mo rò pé àbúrò mi lẹ ń hun ún fún."

"Ó dáa," ló sọ.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ gbéra lórí aṣọ. Ó wá abẹ́ apá mi rí, ó na ìka, ó gbé e, ó tún nà án, ní díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé orúnkún mi. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀.

"Ó bá ọ mu," ni ìyá mi wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi pè láti Ábújá. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì béèrè ohun tó máa ń béèrè: "Àǹtí mi, kí ni Ìyé sọ lónìí?"

Mo ní kò sọ nǹkan kan.